Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Tó Ní Kí A Má Bu Omi Sígò Mọ́

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ètò àyẹ̀wò omi etíkun,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Òṣìṣẹ́ láàbù ni mí lábẹ́ ètò tí ẹ̀ ń ṣàkóso, mo wà lára àwọn tó ń sẹ́ omi tí ọkọ̀ bá gbé dé. Ìwé tí ẹ kọ sí wa ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní láti oṣù tó ń bọ̀, kí a má bu omi sígò mọ́. Kò ní sí sísẹ́ omi láti wo àwọ̀ ewéko inú rẹ̀ mọ́, kò sì ní sí kíka ewéko omi lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ẹ ní ẹ̀rọ tó ń léfòó létíkun yóò máa wọn chlorophyll, àwọ̀ ewé inú omi, fúnra rẹ̀, sátẹ́láìtì yóò sì máa wo ìyókù láti òkè. Ẹ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo ti tó: bí chlorophyll bá kọjá ààlà tí ẹ fi lélẹ̀, ẹ ó kéde ewu, bí kò bá kọjá, kí oníkálukú máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìwé náà. N kò rí ibi tí ẹ ti bi ẹnikẹ́ni nínú àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí léèrè ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà mi síta, kí apẹja, ẹni tó ń sin ẹja àti ẹni tó ń jẹ ohun tó ti inú omi jáde lè bá wa gbọ́ ọ.

Nítorí àwọn tí kò sí nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ gbólóhùn mélòó kan kí n tó ro ẹjọ́ mi. Omi òkun kún fún ewéko wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, àwọn tí onímọ̀ ń pè ní phytoplankton. Àwọn ni koríko òkun. Kòkòrò omi ń jẹ wọ́n, ẹja kékeré ń jẹ kòkòrò, ẹja ńlá ń jẹ ẹja kékeré. Nínú gbogbo oúnjẹ tí ewéko ayé ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló ń ti ọwọ́ àwọn tín-ín-tín yìí wá. Gbogbo wọn ló ní chlorophyll, èròjà tó fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìran kọ̀ọ̀kan tún ní àwọ̀ mìíràn tó fi ń ti chlorophyll lẹ́yìn, àwọ̀ yẹn la sì fi ń dá a mọ̀, bí ohùn ṣe ń fi ènìyàn hàn nínú òkùnkùn.

1. Iye kò sọ irú.

Ẹ jẹ́ ká ní ìgò omi méjì wà lórí tábìlì, tí chlorophyll inú wọn dọ́gba géérégé. Nọ́ńbà kan náà ni ẹ̀rọ yín yóò kọ fún méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé wọn kọjá nínú HPLC, ẹ̀rọ láàbù tó ń ya àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ó lè jẹ́ pé fucoxanthin ló kún inú àkọ́kọ́, kí ó sì jẹ́ peridinin ló kún inú èkejì. Fucoxanthin tó bá pọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí diatom, àwọn tó ń gbé inú ìkarahun tó dà bíi gíláàsì, tí wọ́n sì jẹ́ oúnjẹ gidi fún kòkòrò omi. Peridinin ń tọ́ka sí dinoflagellate, ìran tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tú májèlé sómi ti wá. Ẹni tó ka bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ iye ènìyàn tó wọlé. Kò mọ̀ bóyá àlejò ni wọ́n tàbí olè.

Àwọn yòókù náà ní àmì tiwọn. Zeaxanthin ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí cyanobacteria, bakitéríà tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ, wà níbẹ̀. Alloxanthin, cryptophyte ló ni ín, ìran ewéko wẹ́wẹ́ mìíràn. Bí a bá rí chlorophyll b, a mọ̀ pé ìbátan àwọn ewéko orí ilẹ̀ wà nítòsí. Divinyl chlorophyll a ní tirẹ̀, Prochlorococcus la mọ̀ ọ́n mọ́ láàárín agbami, ẹ̀dá tó kéré débi pé aráyé kò mọ̀ pé ó wà títí di àwọn ọdún 1980, bẹ́ẹ̀ òun ló pọ̀ jù lọ ní iye nínú gbogbo ohun tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ láyé.

Ọgbọ́n tí a ń lò kì í ṣe tuntun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, Mikhail Tsvet, onímọ̀ ewéko ará Rọ́ṣíà, da oje ewé sínú ọ̀pá gíláàsì tó kún fún ẹfun, ó sì rí i tí ohun tó rò pé àwọ̀ kan ni ń pín sí ìpele-ìpele bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ní 1906 ó fún iṣẹ́ náà ní orúkọ tó túmọ̀ sí fífi àwọ̀ kọ̀wé. HPLC tí ẹ fẹ́ kó dànù yìí, ọmọ-ọmọ ọ̀pá gíláàsì yẹn ni. A ń fi acetone tàbí methanol yọ àwọ̀ kúrò lára asẹ́, a ń ti oje náà gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá pẹ̀lú agbára, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan á sì jáde ní àsìkò tirẹ̀. Ẹ̀rọ á kọ ìgbà tó jáde àti bó ṣe pọ̀ tó.

N kò ní parọ́ fún yín pé àwọ̀ nìkan tó. Karenia brevis tó ń sọ omi di pupa ní Florida, dinoflagellate ni, ṣùgbọ́n kò ní peridinin rárá. Ti Dinophysis, dinoflagellate mìíràn, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọ̀ tó ń lò kì í ṣe tirẹ̀. Ó jí i lọ́wọ́ Mesodinium, ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú omi kan. Mesodinium náà, ọwọ́ cryptophyte ló ti jí i. Olè ń ja olè. Ẹni tó bá gbára lé àwọ̀ nìkan yóò rí ẹrù olóhun, kò ní rí olè tó gbé e. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọ̀ kan wà tó ń yọ́ sómi, bíi phycocyanin, tí acetone wa kì í fà jáde. Torí gbogbo èyí ni maikirosíkóòpù fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ HPLC láti ìbẹ̀rẹ̀ ètò yìí: ibi tí ojú ọ̀kan kò tó, èkejì á bá a wò ó. Ẹ̀yin wá ní kí méjèèjì kógbá sílé lọ́jọ́ kan náà.

2. Ààlà tí ẹ fi lélẹ̀ kò ní dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Dinophysis tí mo dárúkọ yẹn, bí ó bá tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan péré nínú lítà omi kan, ó ti lè mú kí ẹran omi oníkarahun di ohun tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún ẹni tó bá jẹ ẹ́. Ọgọ́rùn-ún mélòó kan láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ẹlòmíràn! Omi yóò mọ́ lójú, chlorophyll kò ní mira, ẹ̀rọ yín á sì máa sọ fún yín pé àlàáfíà ni.

Ní òpin ọdún 1987, àwọn tó jẹ ẹran oníkarahun tó wá láti Prince Edward Island ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Wọ́n lé ní 100, ó kéré tán 3 kú, àwọn kan nínú àwọn tó yè sì pàdánù agbára ìrántí wọn. Domoic acid ni májèlé náà, diatom kan láti ìran Pseudo-nitzschia ló sì tú u sílẹ̀. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó fura sí diatom. Ẹni rere la kà á sí, èmi náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é ní oúnjẹ gidi lókè yìí. Àwọn tó tú àṣírí náà, omi ni wọ́n bù, tí wọ́n sì fi ojú ara wọn wò ó. Ẹ sọ fún mi: bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní omi tiwa lọ́dún tó ń bọ̀, ìgò wo la ó ṣí?

Àwọn tó ń sin ẹja náà kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Ní Chile ní 2016, Pseudochattonella, ewéko omi wẹ́wẹ́ kan, pa ẹja salmon tó tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 40,000.

3. Ẹ̀rọ tó ń léfòó kì í wọn ohun tí ẹ rò pé ó ń wọ̀n.

Fluorometer ni ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ gbé léfòó yẹn, kì í sì í wọn chlorophyll. Ó ń tan iná búlúù sí omi, ó sì ń wo iná pupa tí ewéko inú rẹ̀ ń dá padà. A wá ń fi ìṣirò sọ iná yẹn di chlorophyll. Ṣùgbọ́n iye iná tí ewéko ń dá padà kì í dúró sójú kan. Irú ewéko tó wà níbẹ̀ ń yí i padà, ebi tó ń pa ewéko náà ń yí i padà, oòrùn ń yí i padà jùlọ. Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn bá mú, ewéko á bẹ̀rẹ̀ sí í dá ààbò bo ara rẹ̀, iná pupa á sì rọlẹ̀. Nọ́ńbà yín á já wálẹ̀ lọ́sàn-án, á tún gòkè lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ewéko kan kò kúrò níbi tó wà.

Ní 2017, àwọn olùwádìí tẹ àbájáde kan jáde lórí irú ẹ̀rọ yìí tó wọ́pọ̀ jù lọ, lẹ́yìn tí wọ́n fi í wéra pẹ̀lú HPLC káàkiri òkun ayé. Bí a bá dá gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a pín in, ìlọ́po 2 chlorophyll tó wà nínú omi ni ẹ̀rọ náà ń sọ. Ní òkun gúúsù, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn kò sọ ẹ̀rọ náà di ohun àpatì o. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Kì í sùn, ìjì kì í lé e wọlé, ohun tó ń rí lóru a kò lè rí i láéláé pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ó ń sọ ìlọ́po 2: ìgò omi ló tú u fó. Bí ẹ bá mú ìgò kúrò, ẹ̀rọ náà kò ní ṣíwọ́ àsọdùn, àwa la kàn máa ṣíwọ́ mímọ̀. Mi ò tíì wá sọ ti ewéko omi àti ìkarahun wẹ́wẹ́ tó máa ń hù bo ojú rẹ̀ bí a kò bá nù ún.

4. Sátẹ́láìtì, tí ẹ fi ń dá wa lẹ́kun.

Nínú ìwé yín, ẹ kọ̀wé nípa sátẹ́láìtì bí ẹni pé ó ń sọ̀kalẹ̀ wá fi ọwọ́ kan omi. Nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ló ti inú afẹ́fẹ́ wá. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ti afẹ́fẹ́ kúrò kí wọ́n tó kan ìwọ̀nba tó ti inú omi jáde, àṣìṣe kékeré níbi ìyọkúrò yẹn sì ń di ńlá tó bá dé orí omi. Láàárín agbami, ọ̀rọ̀ ṣì rọrùn díẹ̀: omi tí ewéko kò pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń dúdú bí aró, bí ewéko bá ṣe ń pọ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ ń yí sí ti ewé. Nígbà tí wọ́n ń ṣètò SeaWiFS, ẹ̀rọ tó ń wo àwọ̀ òkun láti òkè, tó lọ sókè ní 1997, ohun tí wọ́n fojú sùn fún chlorophyll agbami ni àṣìṣe tí kò ní ju ìdá 35 nínú 100 lọ. Agbami nìyẹn, ibi tó rọrùn.

Omi etíkun ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ yín. Níbẹ̀, ẹrẹ̀ tí odò gbé wá ń tan ìmọ́lẹ̀ padà, oje ewé jíjẹrà tó mú omi pọ́n rẹ́súrẹ́sú sì ń gba ìmọ́lẹ̀ búlúù mu gẹ́gẹ́ bí chlorophyll ṣe ń gbà á. Sátẹ́láìtì á wo omi tí òjò sọ di ẹlẹ́rẹ̀, á sì ké pé ewéko ti pọ̀ jù. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, kò ríran rárá. Bí kò bá sì sí ìkùukùu, òkè omi ló ń rí. Nínú àwọn òkun tó mọ́ gan-an, ibi tí chlorophyll ti pọ̀ jù máa ń wà ní nǹkan bí mítà 100 nísàlẹ̀, ojú sátẹ́láìtì kò sì dé ibẹ̀.

Àwọn tó ni sátẹ́láìtì gan-an kò fọkàn tán an tó bí ẹ ṣe fọkàn tán an. Láti 1997 ni ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní MOBY ti wà nínú omi nítòsí erékùṣù Lanai ní Hawaii. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wọn ìmọ́lẹ̀ nínú omi kí wọ́n lè fi tún ojú àwọn sátẹ́láìtì ṣe. NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ní ibi ìpamọ́ kan, SeaBASS, tí wọ́n ń kó àyẹ̀wò tó ti ọwọ́ àwọn ènìyàn bíi tiwa wá sí. Wọ́n tilẹ̀ ń pín asẹ́ omi kan náà fún láàbù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nínú ètò tí wọ́n ń pè ní SeaHARRE, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá HPLC gbogbo wọn ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì 2024 ni wọ́n fi PACE ránṣẹ́ sókè, sátẹ́láìtì tó ń pín àwọ̀ omi sí wẹ́wẹ́ ju àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ó lè gbìyànjú láti ya ìran ewéko kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Kí ni wọn yóò fi mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ? Àwọ̀ tí a yọ lára asẹ́ ni. Ní àkókò tí sátẹ́láìtì ń wá ẹlẹ́rìí kiri ni ẹ̀yin ń lé ẹlẹ́rìí lọ sílé.

5. Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn.

Ẹ ní ìdádúró náà lè má pẹ́, pé bí owó bá dé a lè tún bẹ̀rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n omi ọ̀sẹ̀ tí a kò bù ti lọ nìyẹn.

Coastal Zone Color Scanner ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí NASA fi wo àwọ̀ òkun láti òkè. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1978, ó dákẹ́ ní 1986, kò sì sí ohun tó rọ́pò rẹ̀ títí di 1996. Nígbà tí àwọn olùwádìí fẹ́ mọ̀ bóyá ewéko òkun ti dínkù láti ìgbà náà wá, wọ́n gbé àwòrán ṣáájú àlàfo náà lé ti ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn kan ní ó dínkù. Àwọn mìíràn, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan náà ṣùgbọ́n ìṣirò ọ̀tọ̀, ní ó pọ̀ sí i. Ọdún 10 tó sọnù yẹn ló fà á, kò sì sí owó tó lè rà á padà. Àkọsílẹ̀ Mauna Loa, òkè kan ní Hawaii, tó fi han ayé pé èéfín wa ń pọ̀ lójú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ ní 1958. Ní 1964 wọ́n gé owó rẹ̀, ó sì dákẹ́ fún oṣù mélòó kan. Títí dòní, ihò kékeré yẹn ṣì wà nínú ìlà náà, ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò rí i.

Ní Hawaii àti Bermuda, láti oṣù kẹwàá 1988 ni wọ́n ti ń jáde lọ sí ojú kan náà nínú òkun, oṣù dé oṣù. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ gbogbo ìbéèrè tí àkọsílẹ̀ wọn yóò dáhùn.

6. Ẹ̀bi tiwa.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: èsì wa máa ń pẹ́. Òótọ́ ni. Asẹ́ kan ṣoṣo ń gba nǹkan bí ìdajì wákàtí lórí ẹ̀rọ, yàtọ̀ sí àkókò tí a fi ń yọ àwọ̀ lára rẹ̀. Ọkọ̀ kan sì dé lọ́jọ́ kan tí fírísà −80°C kún, a kó asẹ́ sínú fírísà lásán fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí a wá yẹ̀ ẹ́ wò, chlorophyll ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Èmi ni mo kó wọn síbẹ̀. A kọ ọ́ sínú ìwé, a kò fi ránṣẹ́ sí yín bí èsì rere.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí owó ń lọ. Bíbu omi àti sísẹ́ rẹ̀ kò wọ́n. A ń ṣe é nínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì kí àwọ̀ má bàa bàjẹ́, a ń fi asẹ́ fọ́nrán gíláàsì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 25 sẹ́ ẹ, a ń ká a, a ń jù ú sínú náítírójìn olómi tó tutù dé −196°C. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni. Ẹ̀rọ HPLC àti oògùn tó ń mu ló ń jẹ owó. Asẹ́ tó bá wà nínú fírísà −80°C lè dúró de owó fún oṣù mélòó kan. Omi tí a kò bù kò lè dúró de ẹnikẹ́ni.

7. Ohun tí a ń béèrè.

Ẹ fagi lé àṣẹ yẹn kí oṣù tó ń bọ̀ tó wọlé, ó kéré tán apá tó kan bíbu omi. Bí owó HPLC kò bá sí lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí a máa sẹ́ omi kí a sì tọ́jú asẹ́. Ẹ fi ojú kan sílẹ̀ nínú òkun tí a kò ní fọwọ́ gé lọ́nàkọnà, ojú tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti pẹ́ jù, kí a máa lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn yòókù, a lè jọ jókòó sọ èyí tí a ó dínkù.

Ẹ má mú maikirosíkóòpù kúrò. Omi díẹ̀ tí a fi áyódíìnì pa mọ́ sínú ìgò kékeré kò gba àyè.

Ẹ yọ ààlà chlorophyll yẹn kúrò gẹ́gẹ́ bí ohun kan ṣoṣo tí ẹ ó fi kéde ewu. Ẹ fi àyẹ̀wò májèlé nínú ẹran oníkarahun tì í, pẹ̀lú ọ́síjìn inú omi, náítíréètì àti fọ́síféètì. Àwo funfun tí Angelo Secchi, onímọ̀ ará Ítálì, sọ̀ sókun ní 1865 láti mọ bí omi ṣe mọ́ tó ṣì wà nínú ọkọ̀ wa, kò gba iná, kò gba bátìrì. Ẹ̀yin pàápàá lè tẹ̀ lé wa lọ́jọ́ kan kí ẹ fi ọwọ́ ara yín sọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ní ìparí, ẹ gbé gbogbo àkọsílẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ síta, pẹ̀lú àwọn èyí tí a ti ṣe àṣìṣe nínú wọn, kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lè fi ojú ara wọn wo ohun tí ẹ fẹ́ pa tì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ tún ń jáde. Títí a ó fi rí èsì yín, a ó kó àwọn ìgò náà sínú rẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òṣìṣẹ́ kan nínú yàrá asẹ́